Ìṣẹ́jú Àáyá

Ẹni tó kọ́kọ́ pe àkókò ní ìṣẹ́jú,
ó ní láti jẹ́ pé ó jókòó, ó ń wo ojú èèyàn.
Ẹni tó wá wọ igbó lọ, tó lúgọ de àáyá,
tó rí i bó ṣe ṣẹ́ ojú ẹ̀ fìrí,
òun ló fún wa ní èyí tó kéré jù ú lọ.
Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà mi tún gé ìṣẹ́jú àáyá sí ẹgbẹ̀rún.
Ojú ẹranko wo ni ká lọ wò fún ìyẹn?
Kòkòrò wo ló ń ṣẹ́jú bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Ẹ̀gbá?

Ní Ìtòkú, lẹ́yìn ilé àwọn aládìrẹ,
Mùfútáù àti Ṣówándé kọjú síra wọn,
ìtì igi láàárín wọn, aṣọ aró lórí ìtì,
òòlù kan lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan.
Wọ́n ń lu aṣọ kó lè máa dán.
Òsì ni Mùfútáù fi ń lù
láti ọjọ́ tí ọ̀kadà ti gbé e ṣubú ní Pánṣẹ́kẹ́.
Gbì. Gbì-ìn. Gbì. Gbì-ìn.
Mo gba ohùn wọn sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́rin.

Ní yàrá mi ní Ìjẹmọ̀, fóòmù lára ògiri,
fáànù ní pípa kó má baà kùn sínú iṣẹ́,
mo tẹ́ ohùn náà sójú ẹ̀rọ
bí ẹni ń sá aṣọ sórí okùn.
Ti Ṣówándé bọ́ sórí ìlà gan-an.
Ti Mùfútáù ń pẹ́ dé,
ìdá mẹ́tàlélógún nínú ẹgbẹ̀rún,
nígbà míì mọ́kàndínlógún; nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ọgbọ̀n.
Mo tẹ bọ́tìnnì kan.
Gbogbo wọn sáré lọ tò sórí ìlà
bí ọmọ iléèwé tó rí pàṣán lọ́wọ́ tíṣà.

Mo ní kí wọ́n wá gbọ́.
Ṣówándé mi orí, ó ní ó mọ́.
Mùfútáù yọ ike létí, ó tún fi í sí i.
Ó ní, “Ta lo fi rọ́pò mi?”
Mo ní, ẹ̀yin náà ni.
Ó ní, “Rárá o.
Ọwọ́ ẹni yìí ò dùn ún rí.”

Ohun tí mo fa àwòrán ẹ̀ tóbi lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n tó rí,
ó fi etí lásán mú un.
Mo dá a padà.
Ọwọ́ òsì náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ lẹ́yìn,
bí àgbàlagbà tó ń sọ̀ kalẹ̀ látorí òkúta,
tó ń fẹsẹ̀ wá ilẹ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́.
“Hẹn-ẹn,” ni Mùfútáù wí. “Èmi rèé.”

Wọ́n mu omi inú ọ̀rá, wọ́n lọ.
Iná lọ pẹ̀lú wọn.
Mo ṣí fèrèsé, mo ń fi ìka lu tábìlì,
mo ń wá ìdá mẹ́tàlélógún yẹn.
Mo yá jù. Mo pẹ́ jù.
Aláǹgbá kan wà lórí páànù aládùúgbò, ó ń wò mí.
Ó ṣẹ́jú.
N kò rí ìgbà tó ń ṣẹ́ ẹ,
mo kàn rí i pé ó ti ṣẹ́ ẹ.