Kọ Ọ́ Sílẹ̀, Akọ̀wé

Aago mẹ́rin ni wọ́n pe ìpàdé,
aago márùn-ún lọ ká tó pé mẹ́sàn-án
lábẹ́ máńgòrò ẹ̀yìnkùlé Alàgbà Ọláòṣebìkan.
Èmi ni akọ̀wé. Ọdún keje rè é tí mo ti ń kọ ọ́:
ta ló wá, ta ló tọrọ gáfárà,
ta ló jẹ gbèsè owó ọlọ́dẹ láti oṣù Ẹrẹ́nà.

Ìròyìn kìíní: taransifọ́mà.
Èyí tí a dáwó rà nígbà tí a jẹ́ ogún ilé
ló wá ń pọn ọgọ́fà.
Bó bá di alẹ́, a máa kùn bí ìyá àgbà
tí wọ́n gbé ìbejì ọlọ́mọ lé lẹ́yìn.
Alhaji Gidado ní ká tún dáwó.
Màdáámù Ifeyinwa ní, ṣé àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kì í tan iná ni?
"Kọ ọ́ sílẹ̀, akọ̀wé."
Mo kọ ọ́.

Ìkejì: òkè ẹ̀yìn wa.
Ilé-iṣẹ́ kan ti rà á, àpáta tòun ti ewúrẹ́ orí rẹ̀.
Lówùúrọ̀ Ọjọ́rú wọ́n fi ẹ̀tù fọ́ èjìká rẹ̀ kan;
àwo mẹ́ta já bọ́ ní kíṣìnnì mi,
ògiri yàrá mi sì la ojú tẹ́ẹ́rẹ́ kan
tó ń wò mí bí mo bá fẹ́ sùn.
Wọ́n ti ri pátákó mọ́bẹ̀: ọ̀ọ́dúnrún ilé, odò ìlúwẹ̀ẹ́,
àti òyìnbó kan tó ń rẹ́rìn-ín lójú fèrèsé.
"Ilẹ̀ wa á gbówó lórí!" Àwọn kan pàtẹ́wọ́.
Terfa, tó ń kọ́ni ní físíìsì, béèrè jẹ́jẹ́ pé,
"Ta ló fẹ́ tà nínú wa?"
Oníkálùkù wo bàtà ara rẹ̀.

Ìkẹta ló mú wọn fa àga súnmọ́ra:
ọ̀nà ẹsẹ̀ tó gba àárín wa kọjá.
Ká mọ odi dí i, ká fi wáyà ẹlẹ́gùn-ún dé e,
kí ẹni tí a ò mọ̀ yéé gba ìdí fèrèsé wa.

Mo gbé bírò sókè, mi ò kọ nǹkan kan.

Ọdún tí èmi àti olóògbé ọkọ mi dé Dawaki,
pòròpórò àgbàdo ṣì wà lórí ilẹ̀ náà.
A ta okùn ìpìlẹ̀.
Obìnrin Gbagyi kan yọ láàárín pòròpórò,
igi ìdáná léjìká, kì í ṣe lórí,
bí wọ́n ṣe ń ru ẹrù tiwọn.
Ó wo okùn, ó wo àwa.
Ó gbé ẹsẹ̀ kan kọjá, ó gbé èkejì.
Ọ̀nà odò rẹ̀ la fẹ́ fi ṣe pálọ̀.
Lẹ́yìn ìgbà náà ó yí ilé mi po,
ó yí ti Gidado po,
ilé ń pọ̀, ọ̀nà ń wọ́, ọ̀nà ń tín-ín-rín,
títí ó fi ku ìwọ̀n èjìká kan àti ìdì igi.

Ọwọ́ mẹ́fà sókè. Terfa kò na tiẹ̀.
Mo fẹ́ na tèmi fún un;
Alága ní akọ̀wé kì í dìbò.

Ọ̀rọ̀ mìíràn: àwọn ará ọ́fíìsì ìlú wá lánàá.
Títì tí yóò wọ ibùdó tuntun fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.
Wọ́n fi ọ̀dà pupa fa ìlà méjì dábùú ara wọn
sára odi mọ́kànlá.
Odi mi ni ìkẹrin.

Ibẹ̀ la wà nígbà tó gba àárín àga wa kọjá,
ó ti darúgbó, igi náà kò sì fúyẹ́ sí i.
"Sannunku," ló wí. Àwa méjì la jẹ́ ẹ.
Ó dúró níbi odi mi, ó fìka kan ọ̀dà náà,
ó wò mí,
ó pààrọ̀ èjìká, ó lọ.

Alága wúkọ́. "Ìyẹn ò sí lára ìpàdé, akọ̀wé."

Sáàárín owó géètì àti àdúrà ìparí ni mo kọ ọ́ sí:
*Ẹnì kan gba ibí kọjá. Ó kí wa.*
Ìpàdé tú ká ní aago méje àbọ̀. Kò síná.