Ọwọ́ Tó Ń Gbọ̀n

Láti oṣù Kẹwàá ni bàbá mi ò ti lọ mu kọfí lọ́dọ̀ Ghislaine mọ́,
nítorí ife máa ń dún lórí àwo rẹ̀,
kẹ́kẹ́kẹ́, kẹ́kẹ́kẹ́,
gbogbo ojú á sì sá lọ sójú fèrèsé.
Wọn kì í fẹ́ wò ó. Ìyẹn gan-an ló dùn ún.

Dókítà ní Báńgọ̀ dárúkọ àrùn náà.
Bàbá mi ní, "Ó dára." Ó dé fìlà,
ó délé, ó kó ọ̀pá ìpẹja mẹ́rin síta gbangba,
ó lẹ bébà mọ́ wọn: Ẹni tó bá fẹ́, kó mú.
Mo gbé ọ̀kan pamọ́ sẹ́yìn ẹ̀rọ ìfọṣọ.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi bọ́ ẹ̀rọ bébà
(ẹ̀rọ ọ̀hún ò sí mọ́, wọ́n ti kun ún tà bí ẹran ewúrẹ́).
Ìka mẹ́wàá ló mú wọlé, mẹ́wàá ló mú jáde,
ìyẹn nìkan ló máa ń fi yangàn.
Lálẹ́, a ó jókòó sábẹ́ iná, a ó máa di ìjẹ ẹja:
irun àgbọ̀nrín tí Rosaire yìnbọn pa,
òwú pupa, ìwọ̀ kan, àlùmọ́gàjí ìyá mi.
Á di irun náà títí á fi ki bí ọ̀pọ̀lọ́,
á gé e, á fẹ́ ẹ, fùú,
á ní, "Báàsì kì í wo ẹwà. Ìrìn ló ń wò."

Ìrọ̀lẹ́ kan nínú oṣù Kẹfà, mo ní ká lọ wo omi.
"Wíwò lásán," ni mo wí.
Irọ́ ni. Ọ̀pá wà nínú búùtù.
Odò Pẹnọ́bísìkọ́ọ̀tì ń ṣàn lẹ́yìn ilé iṣẹ́ tó kú,
ó pọ́n bí tíì tó pẹ́ nínú ife,
kantíkantí ń mu wá lẹ́jẹ̀ lẹ́yìn etí.
Èmi ni mo so okùn mọ́ ìwọ̀. Kò sọ̀rọ̀.
Ó ń wò mí bí àgbà ṣe ń wo ẹni tó ń bá a gé ẹran inú àwo rẹ̀.

Jíjù àkọ́kọ́ há sígi.
Èkejì balẹ̀ gbàlà, bí aṣọ tó já lórí okùn.
Ẹ̀kẹta, mi ò mọ bó ṣe ṣe é,
apá rẹ̀ rántí:
okùn lọ sẹ́yìn, ó dúró díẹ̀ lófuurufú bí ẹni ń ronú,
ó nà síwájú,
ó gbé ọ̀pọ̀lọ́ onírun kalẹ̀ wẹ́rẹ́
lẹ́bàá òkúta kan tí omi ń yí po.

Ó yẹ kó dúró jẹ́ẹ́. Kò lè dúró jẹ́ẹ́.
Ìgbọ̀n wọ inú ọ̀pá, ó gba ojú okùn lọ,
ó dé ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́, ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́ ń jà fìrìfìrì
bí ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já sómi tí ò mọ̀nà ilé.
Bàbá, ìrìn tí o fi gbogbo ayé rẹ wá nìyẹn.
Àṣé ọwọ́ tó ń gbọ̀n, ó gbọ́n.

Gbàù! Omi là.
Báàsì fò sókè, àwọ̀ idẹ, ojú bí ẹyin iná,
okùn ń kùn bí ẹ̀fọn, ọ̀pá tẹ̀ dé ìdí.
Mo nawọ́.
Ó ní, "Fi mí sílẹ̀."

Ó pẹ́ kó tó rẹ ọ̀kan nínú wọn.
Ó fi àtàǹpàkò di àgbọ̀n ẹja mú nínú omi;
ẹja ń gbọ̀n, ọwọ́ ń gbọ̀n,
n kò mọ èyí tó ń gbọn ìkejì.
Ó yọ ìwọ̀. Ó kọjú rẹ̀ sí ìṣàn
títí èémí fi padà wọ inú rẹ̀. Ó tú ọwọ́.

Nígbà tí à ń lọ sílé, ó ní kí n yà lọ́dọ̀ Ghislaine.
Obìnrin náà ti ń dojú àga délẹ̀.
"Onésime," ó ní, kò sì wí nǹkan mìíràn, ó bu kọfí.
Kẹ́kẹ́kẹ́, kẹ́kẹ́kẹ́.
Bàbá mi wo ife náà, ó wò ó pẹ́.
"Gbọ́ ọ," ó ní.
"Báàsì ì bá ti gbé kọfí yìí mì."