Ihò Kékeré

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, l'Ógbómọ̀ṣọ́,
wọ́n gbé Oyèébísí wọ tíátà,
ọmọ oníkaṣú, ará Ìkòyí.
Itan rẹ̀ ti ṣẹ́ bí igi ẹ̀gẹ́ lọ́nà Ọ̀yọ́.

Èmi tí mo fún un lóorun ni mo jókòó síbi orí.
Ojú mi ò kúrò lára nọ́ńbà èémí rẹ̀:
méjìdínlọ́gọ́rùn-ún.

Dókítà Láògún gbé òòlù.
Kọ́ọ̀.
Irin wọ ihò egungun.
Kọ́ọ̀.

Ta ní í ki ọ̀pá bọ ìgò òrí
tí òrí ò ní wá ọ̀nà gbà?
Egungun ò lẹ́nu tí yóò fi bì.
Ọ̀rá já sí iṣan, ó bá ẹ̀jẹ̀ rìn,
ó gba inú ọkàn kọjá,
ó lọ ń dí ẹ̀dọ̀fóró ní wẹ́wẹ́.

Mọ́kànléláàádọ́rùn-ún.
Méjìdínláàádọ́rùn-ún.
“Ẹ dúró!”
Òòlù dúró lófuurufú.

Mo ṣí ọ́síjìn tán.
Ó lu ihò kékeré kan lókè orúnkún,
kí ohun tó há lè ríbi tú sí.
Ó ṣàn, ó pọ́n, epo ń dán lójú rẹ̀.
Nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ sí gòkè
bí arúgbó lórí àtẹ̀gùn.
Nígbà tí òòlù padà, ó rọra ni,
bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn àna lóru.

Lálẹ́, bàbá rẹ̀ gbé abọ́ ọpẹ́ wá,
egungun ńlá gbé inú ọbẹ̀.
“Ẹ fa mùdùnmúdùn rẹ̀, ibẹ̀ ladùn wà.”
Mo jẹ ẹran.
Egungun, mo dé e mọ́ abọ́.