Rósítà Oṣù Ọ̀wàrà

Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti ń kọ rósítà
ní ẹ̀ka ìtọ́jú inú ara, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì,
ilé ìwòsàn ìjọba, Àkúrẹ́.
N kì í ṣe dókítà. N ò mọ abẹ́rẹ́ gún.
Orúkọ ni mo mọ̀ ọ́n tò.

Ìwé fífẹ̀ kan ni. Bírò ni mo fi kọ orúkọ,
pẹ́ńsù ni mo fi kọ ọjọ́,
nítorí ọjọ́ ló ń yí nígbà náà, orúkọ kì í yí.
Wọn a rọ́ dé ẹnu ọ̀nà mi:
“Ìyá Rósítà, ẹ má fi mí sí Sátidé,
àbúrò mi ń ṣègbéyàwó l’Ọ́wọ̀.”
“Ìyá Rósítà, ìdánwò ti kù sí dẹ̀dẹ̀.”
Màá rojú, màá sì pààrọ̀ wọn
bí ẹni ń to ẹyin sínú kéréètì.

Fábùlújẹ́ ló kọ́kọ́ lọ, ọmọ Òǹdó.
Ó ra kéèkì. Ó ní ọdún kan péré ni.
Mo fi típẹ́ẹ̀sì pa orúkọ rẹ̀ rẹ́,
mo fẹnu fẹ́ ẹ kó lè tètè gbẹ,
mo kọ Mofẹ́yìntolú lé e lórí.
Mofẹ́yìntolú gba Saúdí lọ, kò ra kéèkì.
Mo tún kùn ún, mo kọ Ọ̀ṣúntúyì.
Ọ̀ṣúntúyì ò kúkú rékọjá òkun,
ó kàn sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń wo fọ́tò eegun.
Ó ní fọ́tò kì í jí èèyàn lóru.
N ò dá a lẹ́bi.
Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n,
ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru ju ti aláìsàn tó ń tọ́jú lọ.

Mo máa ń bi àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn, àwọn ọmọ tuntun:
kí lẹ fẹ́ yàn?
Ọ̀kan ní ojú. Ọ̀kan ní awọ ara.
Ẹnì kan ò dá mi lóhùn,
ìwé ìdánwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló ń kà lábẹ́ tábìlì.
Ẹnikẹ́ni ò dárúkọ kíndìnrín.
Bẹ́ẹ̀ kíndìnrín ń bọ̀ lójoojúmọ́,
láti Ìta-Ògbólú, láti Ìjú,
lórí ọ̀kadà, láàárín ọmọ méjì tó dì í mú.

Wọ́n ní igi kan kì í dágbó ṣe.
Ẹ wá wo Ẹniafẹ́ Akíndúró
láti alẹ́ ọjọ́ Ẹtì títí di àárọ̀ Ajé:
ọgbọ̀n bẹ́ẹ̀dì, dókítà kan.
Bàbá àgbà kan láti Ìdànrè ń pè é ní “dókítà tèmi”,
bí ẹni pé àwọn mìíràn wà.

Àárọ̀ Ajé yìí, mo ṣílẹ̀kùn ọ́fíìsì,
mo bá a lórí àga mi, ó ti sùn lọ,
bàtà ẹsẹ̀ kan lábẹ́ tábìlì,
bisikíìtì ti yó nínú tíì tó ti tutù.
Lẹ́tà kan wà lábẹ́ ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀.
N ò kà á.
Mo mọ bébà tó nípọn báyẹn.

N ò jí i. Mo gbé rósítà lọ sójú fèrèsé
kí n lè kọ ọjọ́ Ọ̀wàrà sí i.
Oòrùn kọjá lára ìwé,
gbogbo wọn sì yọ lábẹ́ ẹfun funfun yẹn,
Fábùlújẹ́, Mofẹ́yìntolú, Ọ̀ṣúntúyì,
ẹnì kan lórí ẹnì kan,
wọ́n jọ wà lẹ́nu iṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì.

Mo mi ìgò típẹ́ẹ̀sì létí mi.
Ó ti gbẹ.
N ò tíì rán ẹnikẹ́ni lọ ra òmíràn.