Fẹ̀dọ̀ Lórí Òróǹro

Eku mẹ́rìnlélógún ni wọ́n kà fún mi ní Ìdí-Àrábà,
eku funfun, olójú pupa,
mo fi máàkà kọ nọ́ńbà sí wọn nírù.
Mẹ́fà ń mu omi lásán.
Mẹ́fà gba májèlé, wọn kò rí nǹkan kan fi gba ara wọn là.
Àwọn yòókù mu ewé kí májèlé tó dé,
ẹ̀yìn-olóbe tí mo já lẹ́bàá gọ́tà ní Ìtìrẹ́,
èyí tí í pọn ọmọ sẹ́yìn ewé bí abiyamọ.
Mo sá a sábẹ́ òjìji, mo lọ̀ ọ́, mo sẹ́ ẹ,
ó di omi aláwọ̀ tíì.

Ẹ má bi mí pé kí ló dé tó fi jẹ́ ẹ̀dọ̀.
Àwọn ẹgbẹ́ mi mú ọkàn, wọ́n mú ọpọlọ,
àwọn ẹ̀yà ara tó gbayì.
Ẹ̀dọ̀ ò lẹ́nu. Ohun tí a bá dà sí i ló ń fọ̀,
bí ẹni tó ń fọ ìkòkò lẹ́yìn ìnáwó tí wọn ò pè é sí.
Ọjọ́ tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ojú ẹni ni yóò yá lò:
ojú á pọ́n bí ìbẹ́pẹ tó ti pọ́n jù.

Bàbá mi, Lásísì, fi ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n kun ọkọ̀ ní Ládipọ̀.
Tínà ni lọ́fíńdà rẹ̀.
Òórùn rẹ̀ á ti wọlé kí ó tó kan ilẹ̀kùn.
Kò fi nǹkan bo imú ju àkísà gèlè ìyá mi lọ.
Bó bá kun ọkọ̀ kan tán, á lu agolo mílíìkì,
á gbé e mu láìbu omi là á.
"Mílíìkì ní í fọ àyà."
Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé kì í ṣe àyà nìkan ni tínà ń jẹ.

Ọdún tí ojú rẹ̀ pọ́n, gbogbo àdúgbò di dókítà.
Ẹnì kan gbé àgbo wá, ògógóró ni wọ́n fi rẹ ẹ́!
Ẹnì kan ní orógbó ni, orógbó ní í gbó ni sáyé.
Ìyá mi se ẹ̀yìn-olóbe nínú ìkòkò ìrẹsì wa,
bàbá mu ún ní kùtùkùtù, ó mu ún lálẹ́.
Ilé ti jó tán, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá kọ́kọ́rọ́.
Ọjọ́ Àlàmísì ni, kí wọ́n tó kírun Alásárì.

Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, mo la àwọn eku.
Ọ̀jọ̀gbọ́n Ajíṣebútú tẹ ojú mọ́ awò, ó pè mí: "Wò ó."
Ẹ̀dọ̀ tí kò rí ewé dà bí búrẹ́dì tí òjò pa.
Èyí tó mu ewé, ọgbẹ́ wà lára rẹ̀,
àmọ́ àwọn yàrá kéékèèké inú rẹ̀ ṣì dúró,
bí ilé Ìtìrẹ́ lẹ́yìn àgbàrá: ògiri rin, kò wó.
Mo fẹ́ pariwo.
Ó ní, "Má tíì yọ̀. Eku kì í ṣe ènìyàn.
Ewé tó gba ẹ̀dọ̀ kan là lónìí,
bó bá pọ̀ jù, ó lè ba òmíràn jẹ́ lọ́la.
Ọdún mélòó kan ṣì wà níwájú. Fẹ̀dọ̀ lórí òróǹro."

Mo wo inú àwo. Eku ò ní àpò òróǹro.
Bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn:
kò ní ibi tí yóò fẹ̀dọ̀ rẹ̀ lé.

Nígbà tí mo ń lọ sílé, mo yà ní Ládipọ̀.
Mukáílà, ọmọṣẹ́ bàbá mi, wà nínú kùrukùru àwọ̀ búlúù.
"Àǹtí, ewé wo ni kí n máa mu?"
Mo fún un ní ìbomú tí mo rà.
Ó dúpẹ́, ó fi kọ́ ọrùn bí ìlẹ̀kẹ̀.
Ó na agolo mílíìkì sí mi, ó ku ìdajì.
Mo gbà á. Mo mu ún.