Àwọ̀n Inú Ikùn

Ìsàlẹ̀ ọ̀sà Ìbẹṣẹ ni mo ti ń wa yanrìn
láti ìgbà tí ẹja ti sá fún àwọ̀n bàbá mi.
Èémí kan, garawa kan: mo rì, mo gbé, mo yọ.
Ní ọdún kẹjọ, nǹkan kan wú
níbi tí ìtan ti bá ikùn pàdé,
ó tó ẹyin àdàbà, ó rọ̀ bí ẹ̀kọ.
Bí mo bá dùbúlẹ̀, á wọlé bí alákàn.
Bí mo bá wúkọ́, á yọjú.

Àwọn àgbà ní ìpá ni.
N kò sọ fún Rísìkátù.
Mo ń rán ṣòkòtò mi ní fífẹ̀ sí i,
àwọn ẹgbẹ́ mi ń pè mí ní Alápò,
mo ń bá wọn rẹ́rìn-ín.

Àárọ̀ Àlàmísì kan, alákàn kọ̀, kò wọlé mọ́.
Ó le bí òkúta. Èébì mi ní àwọ̀ ewé.
Wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi gbé mi dé Ìpakodò,
láti ibẹ̀, ó di Jẹ́nẹ́rà.

Dókítà Ọ̀nàyẹmí, obìnrin kúkúrú,
fọwọ́ kàn án, kò rẹ́rìn-ín.
"Ìfun rẹ ni. Ẹnu ihò ti fún un lọ́rùn."
Ògiri tí kò lanu, alángbá kò lè wọ̀ ọ́.
Tèmi, alángbá inú ilé ló fẹ́ jáde.

Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ lẹ́yìn, ẹsẹ̀ mi kú.
Mo gbọ́ irin nínú àwo.
Ìfun náà ti dúdú. Wọ́n fi aṣọ tí a rẹ sómi lílọ́wọ́ọ́rọ́ bò ó,
wọ́n dúró.
Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀.
"Ó ti ń pọ́n padà," ẹnì kan wí,
omi bọ́ lójú mi.
Wọ́n dá a padà sílé,
wọ́n rán àwọ̀n kékeré bo ojú ihò náà.
Àwọ̀n! Èmi ọmọ apẹja,
àwọ̀n tí kò ní mú ẹja kankan láéláé,
ẹran ara mi ni yóò hù gba ojú rẹ̀ kọjá.

Ní ọjọ́ kejì, Rísìkátù tú ìró rẹ̀:
ojú àpá tí wọ́n ti gbé Sẹ̀mìú jáde
ti wú bí ìkúùkù.
Òun náà kò sọ fún mi.
Ìdodo Sẹ̀mìú ńkọ́?
Dókítà ní ká tú kọ́bọ̀ tí ìyá mi fi dè é,
yóò wọlé fúnra rẹ̀;
bí ó bá pé ọdún márùn-ún tí kò wọlé, ká mú un wá.

Mo jókòó sí bèbè báyìí, mò ń ka garawa ẹlòmíràn.
Lánàá, Sẹ̀tọ́njí ń gòkè bọ̀, ó fi ọwọ́ kan di ìtan mú.
Mo sún lórí pákó.
"Alápò," mo ní, "wá jókòó."