Òbírí Funfun

Mo jẹ gbèsè owó ilé-ìwé oṣù mẹ́ta,
ìdí nìyẹn tí mo fi ń yà gba ẹ̀yìn Akábà Ìdèna,
kí n má baà gba iwájú ṣọ́ọ̀ṣì kọjá,
kí Másẹ̀ẹ̀ Pulukerí má baà rí mi.
Ẹni tó bá jẹ gbèsè, orúkọ rẹ̀
ni agogo ilé-ìwé máa ń pè.

Oṣù kẹfà, Ṣẹ́gilọlá mú ìwé bọ̀:
ọdún ẹ̀kọ́ parí, kí gbogbo òbí wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.
Mo ká a sí mẹ́rin, mo fi há abẹ́ agolo iyọ̀.
Ìyàwó mi wò mí, kò wí nǹkan kan.
Ohun tí kò wí yẹn ni mo gbé sùn.

Lọ́jọ́bọ̀, Másẹ̀ẹ̀ fúnra rẹ̀ ló gun kẹ̀kẹ́ wá,
ẹrẹ̀ ta sí aṣọ funfun rẹ̀ dé orúnkún.
Mo ti ní, "Ẹ jẹ́ kí àgbàdo gbó ná,"
kó tó jókòó.
Kò dá mi lóhùn.
Ó gba omi, ó mu ún tán,
ó fi ọwọ́ méjèèjì dá igbá padà fún ìyá mi.
"Bàbá Ṣẹ́gilọlá, ẹ bá mi wo èyí."

Ó tò wọ́n sórí ẹní:
ewé kan, ewé méjì, ewé mọ́kànlá,
èédú ló fi kun gbogbo rẹ̀ dúdú,
àfi òbírí funfun kan láàárín.
"Láti oṣù kẹwàá ló ti ń ya nǹkan kan náà.
Olùkọ́ rẹ̀ ní òṣùpá ni.
Èmi rò pé Ara Olúwa ni,
èyí tí Mọ̀npẹ̀ẹ̀ ń gbé sókè lórí pẹpẹ.
A bi í, ẹ̀rín ló ń rín.
Mo ní kí n wá bi ilé."

Èmi tí n kò mọ̀wé,
mo ka èyí já.

Kànga ni mo ń gbẹ́.
Ilẹ̀ Kétu kì í tètè yọ omi;
wà á gbẹ́ ẹ títí wà á fi gbàgbé ohùn ará òkè.
Nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, bí mo bá gbójú sókè,
gbogbo ọ̀run ò ju àwo ọbẹ̀ kan lọ.
Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ náà lóru kan tí kò rí oorun sùn:
ibi tí bàbá rẹ ń ṣiṣẹ́ kò ṣókùnkùn tán.

"Ojú ọ̀run ni, Másẹ̀ẹ̀,
bó ṣe rí látìsàlẹ̀ kànga."

Ó dákẹ́, ó pẹ́.
Ó tún ń ṣí wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan,
ó wá fi ìka tọ́ ohun kan tí èmi alára ò rí:
nínú ewé kẹsàn-án, létí òbírí náà,
orí kékeré kan tó yọjú,
irun dídì méjì bí ìwo àgbò.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo gba iwájú ṣọ́ọ̀ṣì.
Orí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ ni wọ́n fi wá sí,
orúnkún mi kan àyà.
Àlájà Memúnátù ń wá ibi tí yóò gbé tẹ̀sùbáà rẹ̀ sí,
ìyá Odílù ń fọ́mọ lọ́mú lábẹ́ àwòrán Màríà.
Ipò kọkàndínlógún ni tèmi ṣe. Mo pàtẹ́wọ́.
Ewé mọ́kànlá rèé lára ògiri,
wọ́n tò ó láti àjà dé ilẹ̀.
Àwọn ọmọ dìde gbàdúrà;
nígbà tí wọ́n dé "Baba wa tí ń bẹ ní ọ̀run",
Ṣẹ́gilọlá wò mí,
ó wo ilẹ̀,
ó bo ẹnu.

Gbèsè ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, mo tẹ̀ka.
Bí a ti ń jáde, Másẹ̀ẹ̀ ní òun fẹ́ mọ bí a ṣe ń wọ kànga.
Mo ní kó di ẹ̀ẹ̀rùn,
kó sì bọ́ bàtà wá.